Ṣé ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣeré ìdárayá fún yunifásítì gbowó kún sikọ́láṣíìpù? Àlàyé fún òbí tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ lọ Amẹ́ríkà

Ìyá kan láti Òkè Gadà níbí ní Ẹdẹ ló pe ètò eré ìdárayá wa lórí fóònù lọ́jọ́ Sátidé. Ó ní ọmọ òun ọkùnrin máa ń sáré 400 mítà, pé kóòṣì yunifásítì kan l'Amẹ́ríkà ti rí fídíò rẹ̀, wọ́n sì ti fi ìwé ránṣẹ́ sí i. Ìbéèrè tí màmá yìí bi wá rèé: "Ẹ̀yin oníròyìn, ẹ jọ̀ọ́, àwọn ará àdúgbò ń sọ fún mi pé wọ́n ti ń sanwó fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ eléré lọ́hùn-ún báyìí, pé ọmọ mi máa tó di olówó. Ṣé òótọ́ ni àbí wọ́n kàn ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?"

Àkókò ètò ti ń tán lọ, gbólóhùn méjì péré la rí fi dá wọn lóhùn kí ìròyìn tó wọlé. Ọ̀rọ̀ náà sì ju gbólóhùn méjì lọ. Láti ọjọ́ náà, òbí mẹ́ta mìíràn ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ béèrè ohun tó jọ ọ́. Ìdí nìyí tá a fi kọ àlàyé yìí sílẹ̀.

Èyí tó ya jù nínú ìdáhùn ni pé òótọ́ ni, wọ́n ti ń sanwó. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo eléré ló ń rí i gbà, ọmọ Nàìjíríà tó ń sáré sì wà lára àwọn tó jìnnà sí owó náà jù lọ. Bó ṣe rí bẹ́ẹ̀ la fẹ́ tú palẹ̀.

Eré tó di òwò ńlá

Ẹni tó bá lọ yunifásítì tàbí poli níbí lè má tètè lóye ohun tí wọ́n ń jà lé lórí. Lọ́dọ̀ wa, lẹ́yìn kíláàsì ni eré ń wáyé. Àwọn tó ń wòran kì í ju ọ̀rẹ́ àti ọmọ họ́sítẹ́ẹ̀lì lọ. L'Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Pápá ìṣeré Yunifásítì Michigan nìkan gba èèyàn tó lé ní 107,000, ó sì máa ń kún lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ìyẹn èyí tí wọ́n máa ń fọwọ́ gbé sá. Owó ni wọ́n fi ń wọlé. Owó ni wọ́n fi ń ra aṣọ tí nọ́ńbà eléré wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n náà ń sanwó kí wọ́n tó lè gbé e sáfẹ́fẹ́.

Ẹgbẹ́ tó ń darí eré láàárín ọ̀pọ̀ yunifásítì wọn ni NCAA, ọdún 1906 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Lọ́dún 2010, NCAA tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú iléeṣẹ́ CBS àti Turner fún ìdíje bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n àwọn ọkùnrin, ìdíje tí kì í ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ lọ́dún. Iye tí wọ́n fẹnu kò sí ni 10.8 bílíọ̀nù dọ́là fún ọdún 14. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ níbẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba tówó oṣù rẹ̀ pọ̀ jù kì í ṣe gómìnà. Kóòṣì ni.

Kí wá ni ti ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù ọ̀hún? Láti ọdún 1956 ni NCAA ti fàyè gbà kí yunifásítì fún eléré ní sikọ́láṣíìpù nítorí eré rẹ̀: owó ilé ìwé, ibi tó máa sùn, oúnjẹ, ìwé. Ju ìyẹn lọ, èèwọ̀ ni. Bí eléré bá gba owó lọ́wọ́ oníṣòwò tó fẹ́ fi fọ́tò rẹ̀ polówó ọjà, wọ́n lè lé e kúrò nínú ẹgbẹ́. Orúkọ tí wọ́n ń pè wọ́n ni "akẹ́kọ̀ọ́-eléré". Walter Byers tó jẹ́ ọ̀gá NCAA fún ọ̀pọ̀ ọdún kọ ọ́ sínú ìwé lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì pé àwọn ló dá orúkọ yẹn sílẹ̀, torí ẹ̀rù ń bà wọ́n kí ìjọba má lọ ka eléré sí òṣìṣẹ́ tó yẹ kó gba owó ìtọ́jú bó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá wọn fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ o, kì í ṣe ọ̀tá wọn.

Àwọn ọmọ wa ti wà níbẹ̀ tipẹ́

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti aláwọ̀ funfun nìkan. Hakeem Ọlájuwọ̀n, ọmọ Èkó táwọn òbí rẹ̀ ń ta sìmẹ́ńtì, wọ Yunifásítì Houston lọ́dún 1980. Akeem ni wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ nígbà náà. Ọdún mẹ́ta léraléra, 1982, 1983 àti 1984, ni ẹgbẹ́ yunifásítì yẹn wà lára mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú ìdíje gbogbo Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1983 pàápàá, ẹgbẹ́ rẹ̀ ló pàdánù ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àṣekágbá, síbẹ̀ òun ni wọ́n mú gẹ́gẹ́ bí eléré tó dára jù. Gbogbo tẹlifíṣọ̀n ló ń gbé e. Sikọ́láṣíìpù ni òfin fàyè gbà kó gbà. Owó gidi kò dé ọwọ́ rẹ̀ títí di 1984, nígbà tí Houston Rockets mú un ṣáájú gbogbo èèyàn nínú àwọn tó ń wọ NBA lọ́dún náà. Ti Ọlájuwọ̀n dára, torí ó débi tówó wà. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n jọ ń gbá a kò dé NBA láéláé. Ọdún tí wọ́n fi gbá a fún yunifásítì ni gbogbo ọdún tí ara wọn fi níye lórí lọ́jà.

Nítòsí wa níbí, Ọlápàdé Adéníkẹ̀ẹ́, ọmọ bíbí Òṣogbo, sáré fún Yunifásítì Texas tó wà ní El Paso. Lọ́dún 1992, òun ló gba ipò kìíní nínú 100 mítà àti 200 mítà ìdíje NCAA. Lọ́dún yẹn kan náà, ó wà lára àwọn mẹ́rin tó gba fàdákà fún Nàìjíríà nínú eré ìgbà-fún-mi ti 4x100 ní Òlíḿpíìkì Barcelona. Fálílátù Ògúnkọ̀yà náà gba Mississippi State kọjá kó tó gba idẹ 400 mítà ní Atlanta lọ́dún 1996.

Ẹ wá wo Tóbi Amúsàn, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde. El Paso kan náà lòun náà lọ. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2017, ó gba ipò kìíní ìdíje NCAA ní ìlú Eugene nínú 100 mítà tí wọ́n ń fo igi ìdènà. Ife ẹ̀yẹ àti àtẹ́wọ́ ló gbé lọ sílé. Ní oṣù Keje ọdún 2022, ní Eugene yẹn kan náà, lórí pápá Hayward tí wọ́n ti tún kọ́, ó sá eré kan náà láàárín ìṣẹ́jú àáyá 12.12, èyí tí obìnrin kankan ò tíì sá rí láyé, ó sì gba góòlù àgbáyé. Lọ́tẹ̀ yìí, owó góòlù jẹ́ 70,000 dọ́là, ti ìtàn tuntun tó kọ sì jẹ́ 100,000 dọ́là. Ẹsẹ̀ kan náà, igi mẹ́wàá kan náà, ìlú kan náà. Ohun tó yàtọ̀ ni pé lọ́dún 2017, òfin ní akẹ́kọ̀ọ́ ni, kò gbọdọ̀ gbowó.

Ilé ẹjọ́ ló já okùn náà

Ẹni tó kọ́kọ́ mì ọ̀rọ̀ yìí tìtì ni Ed O'Bannon, ẹni tó ti gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n fún UCLA rí. Ó rí eré orí kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń tà, ó wá rí i pé òun gan-an ni wọ́n yà síbẹ̀: gíga rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀, bó ṣe ń ju bọ́ọ̀lù. Kọ́bọ̀ kan ò kàn án. Ó pe NCAA lẹ́jọ́ lọ́dún 2009, adájọ́ Claudia Wilken sì dá a láre lọ́dún 2014.

Èyí tó wá fọ́ ilẹ̀kùn ni ẹjọ́ Alston. Ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹfà, ọdún 2021, gbogbo adájọ́ mẹ́sàn-án ilé ẹjọ́ tó ga jù l'Amẹ́ríkà fẹnu kò, láìsí ẹnì kan tó yapa, pé NCAA ò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi òdiwọ̀n sí àwọn àǹfààní tó jẹ mọ́ ẹ̀kọ́ tí yunifásítì fẹ́ fún eléré. Adájọ́ Kavanaugh kọ tirẹ̀ lọ́tọ̀, ó ní ohun tí NCAA ń ṣe yìí, bó bá jẹ́ iléeṣẹ́ mìíràn ló ń ṣe é, òfin ò ní gbà á. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ọjọ́ kìíní oṣù Keje, NCAA fúnra rẹ̀ ṣí ọ̀nà kí eléré lè máa fi orúkọ, àwòrán àti ìrísí rẹ̀ pawó: kó polówó bàtà, kó tọwọ́ bọ fọ́tò tà, kó ṣe fídíò fún oníṣòwò.

Ìyẹn ṣì jẹ́ owó àwọn ará ìta. Yunifásítì fúnra rẹ̀ ò tíì máa sanwó. Ẹjọ́ House, èyí tí Grant House tó ń lúwẹ̀ẹ́ fún Arizona State wà nídìí rẹ̀, ló yí ìyẹn náà padà. Adájọ́ Wilken fọwọ́ sí àdéhùn náà ní ọjọ́ 6, oṣù Kẹfà, ọdún 2025. Ó ní 2.8 bílíọ̀nù dọ́là máa lọ fún àwọn eléré tí wọ́n ti rẹ́ jẹ sẹ́yìn, tí wọ́n máa san fún ọdún mẹ́wàá. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2025, yunifásítì tó bá fẹ́ lè máa pín owó fáwọn eléré rẹ̀ ní tààràtà, ó lè tó nǹkan bí 20.5 mílíọ̀nù dọ́là lọ́dún àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò dọ́là kan sí ₦1,500: ó lé ní 30 bílíọ̀nù náírà, yunifásítì kan ṣoṣo, ọdún kan ṣoṣo.

Iye yẹn làwọn ará àdúgbò màmá Òkè Gadà gbọ́.

Ṣé ó yẹ kí wọ́n san án?

Àwọn tó ní kò yẹ ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Wọ́n ní sikọ́láṣíìpù fúnra rẹ̀ owó ni. Yunifásítì tí ẹlòmíì ń jẹ gbèsè ogún ọdún kó tó lè lọ, ọ̀fẹ́ ni eléré ń lọ. Wọ́n ní bí ọmọ ọdún 18 bá ti ń gbowó bí òṣìṣẹ́, ta ló máa rántí ìwé? Wọ́n tún ní bí wọ́n bá kó owó fún bọ́ọ̀lù, wọ́n á pa àwọn eré kéékèèké tí kì í pawó wọlé. Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn yìí ni kí ẹ fi sọ́kàn, torí inú àwọn eré kéékèèké yẹn làwọn ọmọ wa wà.

Èmi ní tèmi gbà pé ó yẹ kí wọ́n san án. Àwọn àgbà ní ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nídìí pẹpẹ, ìdí pẹpẹ ni yóò ti jẹ. Kóòṣì ń jẹ níbẹ̀, tẹlifíṣọ̀n ń jẹ níbẹ̀, ẹni tó ń ta ẹ̀pà lẹ́nu ọ̀nà pápá pàápàá ń jẹ níbẹ̀. Ká wá sọ fún ẹni tí orúnkún rẹ̀ ń dún nídìí iṣẹ́ náà pé ìwé ni kó máa jẹ, ọ̀bọ ń ṣiṣẹ́, ìnàkí ń jẹ nìyẹn. Ẹ̀kọ́ náà gan-an kì í fi gbogbo ara bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ẹni tó ń jí ní aago márùn-ún fún ìmúra, tó ń wọ bàálù lọ ìdíje ní ìpínlẹ̀ mìíràn lọ́jọ́ Tọ́sìdé, kì í lè yan kọ́ọ̀sì tó wù ú. Kọ́ọ̀sì tó bá bá àsìkò ìmúra mu ló ń yàn.

Àmọ́ o, kéèyàn sọ pé ó yẹ kí wọ́n sanwó yàtọ̀ sí kéèyàn sọ pé owó náà máa dé ọwọ́ ọmọ rẹ.

Ta lowó náà ń kàn?

Nínú ìṣirò tí wọ́n fi pín owó ẹ̀yìn nínú ẹjọ́ House, nǹkan bí ìdá 75 nínú 100 ló lọ sí bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ìdá 15 sí bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n àwọn ọkùnrin, ìdá 5 sí ti àwọn obìnrin. Ìdá 5 tó kù, gbogbo eré yòókù ló ń jà á: eré sísá, ìwẹ̀, tẹ́níìsì, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tiwa, gọ́ọ̀fù. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ńlá ló ń tẹ̀lé ohun tó jọ ìpín yìí nínú owó tuntun náà. Ká ní yunifásítì kan ná 20.5 mílíọ̀nù dọ́là tán pátápátá, ìdá 5 rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù kan dọ́là ó lé díẹ̀. Bí eléré 300 bá wà nínú àwọn eré yòókù yẹn, tí wọ́n sì pín in dọ́gbadọ́gba, nǹkan bí 3,400 dọ́là ló kan ẹnì kan lọ́dún. Wọn ò sì ní pín in dọ́gbadọ́gba. Yunifásítì tí ò sí lára àwọn tó lówó jù lè má san nǹkan kan rárá.

Ìyípadà kan wà tó ṣe pàtàkì fún wa ju owó lọ. Tẹ́lẹ̀, ẹgbẹ́ eré sísá àwọn ọkùnrin ní yunifásítì kan ò lè fún èèyàn ní ju sikọ́láṣíìpù 12.6 lọ, ti obìnrin jẹ́ 18. Kóòṣì á wá gé e sí wẹ́wẹ́: ìdajì fún ẹni yìí, ìdá mẹ́rin fún ẹni yẹn. Àdéhùn House mú òdiwọ̀n yẹn kúrò, ó sì fi iye èèyàn tó lè wà nínú ẹgbẹ́ rọ́pò rẹ̀: 45 fún ọkùnrin, 45 fún obìnrin. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí yunifásítì bá lówó tó sì fẹ́, ó lè fún gbogbo àwọn 45 ní sikọ́láṣíìpù kíkún. Bí kò bá sì fẹ́, kò sẹ́ni tó máa mú un. Àyè tó wà nínú ẹgbẹ́ ti dín kù níbòmíràn, àwọn kóòṣì sì ń ṣa èèyàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Físà ni ìdènà kejì

Ọ̀pọ̀ òbí ò mọ apá yìí, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Físà tí akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè ń gbé lọ Amẹ́ríkà, F-1 ni wọ́n ń pè é, ìwé kíkà ló wà fún. Iṣẹ́ tó fàyè gbà kò ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé ìwé bá wọlé, inú ọgbà ilé ìwé sì ni. Bí ọmọ Texas tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀ bá polówó ilé oúnjẹ, ó ti pawó. Bí ọmọ Ẹdẹ tí wọ́n jọ ń sáré bá ṣe ohun kan náà, ìjọba lè kà á sí iṣẹ́ tí kò ní ìyọ̀ǹda, físà rẹ̀ sì lè bá a lọ.

Oscar Tshiebwe, ọmọ Kóńgò tó jẹ́ ògbóǹtarìgì ní Yunifásítì Kentucky, ṣe ọgbọ́n kan lọ́dún 2022. Nígbà tí ẹgbẹ́ wọn rìnrìn àjò lọ sí Bahamas, ibẹ̀ ló ti ya àwọn fídíò àti fọ́tò ìpolówó ọjà rẹ̀, torí kò sí lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà nígbà yẹn. Ẹni tó gba àmì ẹ̀yẹ eléré tó dára jù ní gbogbo Amẹ́ríkà lọ́dún yẹn ló ní láti wọ bàálù kó tó lè tà ojú ara rẹ̀. Ti owó tuntun tí yunifásítì ń san ní tààràtà, àwọn amòfin ṣì ń jiyàn lórí bóyá ẹni tó wà lórí F-1 lè gbà á. Nítorí náà, bí èjẹ́ǹtì kan bá sọ fún yín pé kò sí wàhálà, kí ọmọ ṣáà máa tọwọ́ bọ̀wé, ẹ ní kó mú yín lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń bójú tó akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè nínú yunifásítì náà. Gbogbo yunifásítì wọn ló ní ọ́fíìsì yẹn.

Ní oṣù Keje ọdún 2025 pẹ̀lú, Amẹ́ríkà sọ ọ̀pọ̀ físà tó ń fún ọmọ Nàìjíríà nígbà náà di ti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan, tí kò sì ju oṣù mẹ́ta lọ kó tó kú. Ọmọ tó ti wọlé lè dúró kàwé o, ìyẹn ò ní wàhálà. Àmọ́ bó bá wálé ọdún, tàbí tó wá sáré fún Nàìjíríà, físà ẹ̀ẹ̀kan yẹn ò lè gbé e padà mọ́.

Ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ ni kẹ́ ẹ kà

Bí ọ̀rọ̀ bá wá rí báyìí, sikọ́láṣíìpù ni owó oṣù ọmọ yín. Ẹ kà á bí ẹni ń ka ìwé ilẹ̀. Ṣé ó kún ni àbí ààbọ̀ ni? Ọdún mélòó ló wà fún? Bí ìwé bá sọ ọdún kan, ọdún kan náà ni, kò sí bí kóòṣì ṣe dùn lẹ́nu tó lórí WhatsApp. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2024, yunifásítì tó wà ní ìpele kìíní NCAA ò lè gba sikọ́láṣíìpù lọ́wọ́ eléré nítorí pé ó fara pa tàbí pé eré rẹ̀ ò dán mọ́, wọ́n sì gbọ́dọ̀ bójú tó ìtọ́jú ọgbẹ́ tó bá gbà nínú eré fún ọdún méjì ó kéré tán lẹ́yìn tó bá kúrò. Àmọ́ NCAA nìkan kọ́ ló wà. Ẹgbẹ́ mìíràn ń bẹ, NAIA, àti ti àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì, òfin wọn yàtọ̀. Ẹ béèrè èwo ni.

Owó orí wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Apá sikọ́láṣíìpù tó jẹ́ ti owó ilé ìwé àti ìwé kíkà, wọn kì í fọwọ́ kàn án. Apá tó jẹ́ ti oúnjẹ àti ibùgbé, ìjọba Amẹ́ríkà máa ń gba owó orí lórí rẹ̀ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè, ìdá 14 nínú 100 ni wọ́n sábà máa ń yọ. Nàìjíríà àti Amẹ́ríkà ò ní àdéhùn owó orí tó lè gba ọmọ sílẹ̀. Mo mọ̀ pé èyí máa ń ya òbí lẹ́nu: owó tí kò tilẹ̀ kan ọmọ lọ́wọ́, wọ́n tún ń bu níbẹ̀.

Ti ìwé ẹ̀rí, WAEC wa ni wọ́n ń wò. Láti oṣù Kìíní ọdún 2023, NCAA ò béèrè ìdánwò SAT mọ́ kí eléré tó lè ṣeré ní ìpele kìíní àti ìkejì, ṣùgbọ́n yunifásítì kan lè ṣì béèrè ẹ̀ kó tó gba akẹ́kọ̀ọ́ wọlé.

Àwa tó wà nílé ńkọ́?

Nígbà tí mo ń kọ èyí, ẹnì kan nínú yàrá ìròyìn wa rẹ́rìn-ín, ó ní: "Àwọn ń jà lórí owó tó lé sórí sikọ́láṣíìpù, àwa ò tíì rí sikọ́láṣíìpù ọ̀hún." Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ìlú Ẹdẹ yìí nìkan, ilé ẹ̀kọ́ gíga ńlá mẹ́ta ló wà níbẹ̀: Poli Ìjọba Àpapọ̀ tó ti wà láti 1992, Yunifásítì Redeemer's àti Yunifásítì Adélékè. Akẹ́kọ̀ọ́ wọn ń gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n ń sáré. Ìdíje NUGA fáwọn yunifásítì wà láti ọdún 1966, Ìbàdàn ló kọ́kọ́ gbà á lálejò. Ti àwọn poli ni NIPOGA. Láti ọdún 2018, HiFL, líìgì bọ́ọ̀lù àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga, ti wọlé pẹ̀lú àwọn onígbọ̀wọ́ àti tẹlifíṣọ̀n, a sì ń rí orúkọ iléeṣẹ́ ńláńlá lára aṣọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Ibi tí ti Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn, láti orí aṣọ àti tẹlifíṣọ̀n. Bí owó bá ti ń wọlé látara ẹsẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ìsinsìnyí tó ṣì kéré ló yẹ kí wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé pé èló ló kan akẹ́kọ̀ọ́.

Èmi náà gbá bọ́ọ̀lù fún ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti kàwé gboyè, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Owó wa lọ́jọ́ ìdíje ni búrẹ́dì kan, ẹyin méjì àti mínírà. Lọ́dún kejì, kókósẹ̀ mi yẹ̀ nínú ìdíje, èmi ni mo ra oògùn tí mo lò, mo sì tún kọ ìdánwò lọ́sẹ̀ yẹn láìsí àfikún ọjọ́ kan. Mi ò sọ ọ́ kẹ́ ẹ lè káàánú mi. Ọ̀pọ̀ yín tó gbá bọ́ọ̀lù nílé ìwé ní irú ìtàn yìí, àwọn kan burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìrànwọ́ tó sún mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ jù báyìí ni ẹ̀yáwó NELFUND tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2024. Ó ń san owó ilé ìwé tààrà fún ilé ẹ̀kọ́, ó sì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá béèrè ní ₦20,000 lóṣù. Ọmọ Poli Ẹdẹ lè béèrè fún un. Ọmọ Redeemer's tàbí Adélékè ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, torí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba nìkan ló wà fún. Bó ti wù kó rí, gbèsè ni, kì í ṣe ẹ̀bùn, kò sì sí ohun tó kan eré sísá nínú rẹ̀. Abájọ tí ọmọ tó bá ti lè sáré díẹ̀ fi ń wo ọ̀nà Amẹ́ríkà.

Lọ́jọ́ Tusidé, màmá Òkè Gadà fi fọ́tò ìwé náà ránṣẹ́ sí wa, a sì jókòó kà á pa pọ̀ lórí fóònù. Owó ọdún kan ní yunifásítì ọ̀hún, oúnjẹ àti ibùgbé kún un, jẹ́ 40,000 dọ́là. Ìdá 60 nínú 100 ni sikọ́láṣíìpù náà gbé, fún ọdún kan. Ìyókù jẹ́ 16,000 dọ́là, ìyẹn ₦24 mílíọ̀nù. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi ìwé báńkì hàn pé owó yìí wà nílẹ̀ kí yunifásítì tó lè fún ọmọ ní ìwé tó máa gbé lọ béèrè físà. Ọ̀rọ̀ orúkọ àti àwòrán ò sí nínú ìwé náà rárá. Màmá dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kóòṣì náà máa pe àwọn lálẹ́ Tọ́sìdé, kí n bá àwọn kọ ohun tí ọmọ máa béèrè sílẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ìbéèrè mẹ́ta la kọ. Àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ ni: ta ló máa san ìdá 40 tó kù, ṣé ẹ lè sọ ọ́ di kíkún nísinsìnyí tí òdiwọ̀n 12.6 ò sí mọ́?